Ta Ni Ń Wo Orí Ìyá Ìkókó?

Ọmọ mi, sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ lójú agbo. Kọ̀rọ̀ yàrá ni àwọn obìnrin ti máa ń sọ ọ́, àwọn ọkùnrin a sì máa ṣe bí ẹni pé kò kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó ti wọ ilé olówó, ó ti wọ ilé tálákà, ó ti wọ ilé pásítọ̀, ó ti wọ ilé lèmọ́mù, kò sì sí èyí tí ó wọ̀ nínú wọn tí kò da ìdààmú sílẹ̀ níbẹ̀. Àìsàn ọpọlọ tí í kọlu obìnrin lẹ́yìn ìbímọ ni mò ń wí, èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní àbísínwín. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi yìí ti gba ọmọ ju èyí tí mo lè kà lọ, ohun tí ojú mi sì rí lára àwọn ìyá wọn ni mo fẹ́ kí etí rẹ gbọ́ kí ọjọ́ tìrẹ, tàbí ti aya rẹ, tàbí ti àbúrò rẹ obìnrin, tó dé.

Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ wa, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni pé ṣé a gbóhùn ìyá, ṣé a gbóhùn ọmọ. Bí wọ́n bá ti ní a gbóhùn méjèèjì, ọkàn gbogbo ilé a balẹ̀, a ó kí ara wa kú ewu, lẹ́yìn náà gbogbo ojú a yí sí ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọmọ ni à ń wẹ̀, ọmọ ni à ń nà lápá nà lẹ́sẹ̀, ìwọ́ ọmọ ni à ń tọ́jú kí ó tètè já, orí ọmọ ni à ń rọra tẹ̀ kí ó lè rí róbótó. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òótọ́ sì ni, n kò tí ì rí àgbà tí yóò rí i tí kò ní na ọwọ́. Ṣùgbọ́n orí ìyá tí ó gbé ọmọ náà pọ̀n ńkọ́? Ta ni ń wò ó? Ọmọ mi, òun fúnra rẹ̀ kò lè ké sí ọ pé orí òun ti ń wọ́, nítorí orí kan náà yẹn ni ì bá fi mọ̀.

Inú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ni àìsàn yìí sábà máa ń dé, ti ẹlòmíràn tilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Wá ka àwọn ọjọ́ náà lórí ìka, o ó rí i pé ọjọ́ ìkómọ, tíí ṣe ọjọ́ kẹjọ, bọ́ sí àárín wọn gẹ́lẹ́: ìgbà tí ilé kún fún àlejò, tí àwọn alásè ń dáná lẹ́yìnkùlé láti òru mọ́jú, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pariwo, tí ẹni gbogbo fẹ́ gbé ọmọ, tí ẹni gbogbo fẹ́ ya fọ́tò. Bí ìyá ìkókó kò bá sùn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ayọ̀ ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ wéréwéré tí ọ̀kan ò dúró de èkejì, wọ́n á ní ara rẹ̀ ti yá. Bí ó bá dìde ní agogo méjì òru tí ó ń fọ aṣọ ọmọ tí ó mọ́ tẹ́lẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ a yìn ín pé ìyàwó òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bẹ́ẹ̀ ìrókò náà ti ń dàgbà níbẹ̀ lójú gbogbo wa, à ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Bí o kò bá ní gbà ju ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, gba èyí: ṣọ́ oorun rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ìyá ìkókó tí í sùn tẹ́rùn, ọmọ a ké, ọmú a kún, ilẹ̀ a sì mọ́. Ti ìyẹn kọ́ ni mò ń wí. Mò ń wí ti obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ti sùn, tí ilé ti pa rọ́rọ́, tí ẹlòmíràn ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, tí kò lè sùn, tí kò tilẹ̀ wá oorun, tí ojú rẹ̀ là kedere lọ́gànjọ́ òru. Bí èyí bá di òru méjì, má ṣe dúró de ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn oorun, tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀: ṣé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹ kò gbọ́, ṣé ó ń sọ pé ọmọ yìí kì í ṣe òun lòun bí i, tàbí pé ọmọ náà jẹ́ òjíṣẹ́ tí ọ̀run rán wá fún iṣẹ́ kan tí òun nìkan mọ̀, ṣé ó ń kọ oúnjẹ nítorí pé wọ́n ti fi nǹkan sí i? Ohun tí ń tan ará ilé jẹ jù lọ ni pé àìsàn náà kì í dúró sójú kan. Bí òní ti rí ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀ ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọrún, ṣùgbọ́n ti ìyá ìkókó yìí yára ju ìyẹn lọ, nítorí ó lè kí ọ dáadáa lówùúrọ̀, kí ó béèrè àwọn ọmọ rẹ lórúkọ lórúkọ, nígbà tí ó bá di ọ̀sán kí ó máa wò ọ́ bí ẹni tí kò rí ọ rí. Àlejò tí ó bá bá a ní wákàtí tí ojú rẹ̀ dá ni yóò máa bá yín jà pé irọ́ ni ẹ ń pa mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Má sì ṣe kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ju ìdajì àwọn ìyá lọ tí omi máa ń bọ́ lójú wọn láìnídìí láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún; ìyẹn a máa lọ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtùnú àti ọbẹ̀ gbígbóná tó o. Ìbànújẹ́ ọkàn tí ó wúwo, tí í gbé inú obìnrin fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn ìbí, tún wà lọ́tọ̀, nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100 ìyá ló ń mú, òun náà sì ń fẹ́ dókítà. Àbísínwín ni kò fún ni láyè. Wákàtí la fi ń ka tirẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀ yìí ni ẹnu máa ń pọ̀ nílé. Ẹnìkan á ní ìyá ọkọ rẹ̀ ni, ẹlòmíràn á ní orogún ni, ẹ̀kẹta á ní ó ti ṣe àgbèrè nígbà tí ó lóyún, àfi kí ó jẹ́wọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ mi, nínú 1,000 obìnrin tí ó bá bímọ, 1 tàbí 2 ni àìsàn yìí ń mú, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àjẹ́ àti ní ilẹ̀ tí wọn kò ti mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1858, dókítà ará Faransé kan tí ń jẹ́ Louis-Victor Marcé ti kọ odidi ìwé lórí wèrè aboyún àti ti ìyá ìkókó, orogún wo ló wà nílé àwọn tí ó tọ́jú ní Paris? Ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ ni pé àwọn họ́mọ́nù tí ó ga gan-an lára obìnrin nígbà oyún máa ń já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, àìsùn a tún gorí rẹ̀, ọpọlọ ẹlòmíràn a sì gbé e mì, ọpọlọ ẹlòmíràn kò ní lè gbé e. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Obìnrin tí ó ti ní àìsàn ọpọlọ rí, pàápàá irú èyí tí inú ń dùn kọjá ààlà lónìí tí ọkàn á tún rì lọ́la, súnmọ́ ewu náà ju àwọn yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe ní ìbí ìṣáájú. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí mo rí, orí wọn kò fọ́ wọn lásán rí kí wọ́n tó bímọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀.

Mo rántí ọmọbìnrin kan tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ọmọ jẹ́jẹ́, ọmọ tí í kúnlẹ̀ kí gbogbo wa ní kílíníìkì. Ó bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì lọ sílé. Láti ọjọ́ kẹrin ni kò ti sùn mọ́. Lọ́jọ́ ìkómọ ó jó, ó ná àwọn onílù lówó, ayé ń yẹ ẹ́ sí. Nígbà tí ó di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, pé ẹni tí ń ka ìròyìn nínú rédíò ń fi ẹnà sọ ibi tí wọ́n gbé ọmọ òun gangan pamọ́ sí fún òun. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n fi okùn dè é mọ́ òpó, wọ́n ní kí ó gba ààwẹ̀, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ìbí kò tí ì dá lára rẹ̀, tí ọmú rẹ̀ ti wú tí ó le nítorí pé wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó rántí pé ọmú yẹn ń ro ó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi jà gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ara rẹ̀ gbóná janjan, ọgbẹ́ okùn wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń bẹ̀ wá pé kí a bá òun pa rédíò tí kò sí nínú yàrá. Àwọn dókítà tọ́jú ibà, wọ́n tọ́jú ọmú, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Aro, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tí ó wà l'Ábẹ́òkúta níbẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ó fi padà sí ìsọ̀ rẹ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Orí rẹ̀ ti balẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ó tó lè tún wọ bùbá tí apá rẹ̀ kò bo ọrùn ọwọ́.

Nítorí náà, bí mo bá ní má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn kan ìyá ìkókó tí àìsàn mú, o ó mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, èyí tí ó pẹ́ nínú ìwé òfin Nàìjíríà, aṣiwèrè ló pe àwọn aláìsàn wọ̀nyí; oṣù January 2023 ni wọ́n tó fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó rọ́pò rẹ̀, tí ó sì ka aláìsàn sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́. Ó pẹ́ kí ó tó dé, mo sì dúpẹ́ pé ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n òfin kò sùn nílé yín, ìwọ lo wà níbẹ̀.

N kò ní fi èyí pamọ́ fún ọ: àìsàn yìí lè pa ìyá, ó sì lè mú kí ìyá pa ọmọ. Ohùn tí ń bá a sọ̀rọ̀ lè sọ fún un pé ìyà ńlá ń bọ̀ wá jẹ ọmọ náà láyé, pé àánú ni kí ó dá a padà síbi tí ó ti wá. Ìfẹ́ ọmọ yẹn náà ni àìsàn náà ń gùn bí ẹṣin. Àní ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ti yà á sọ́tọ̀: obìnrin tí ó bá ṣe ikú pa ọmọ rẹ̀ tí kò tí ì pé ọdún kan, tí ó bá jẹ́ pé ìbímọ náà ló da ọpọlọ rẹ̀ rú, wọn kì í dá a lẹ́jọ́ bí apànìyàn. Bí àwọn adájọ́ bá lè mọ̀ pé àìsàn ni, ó yẹ kí àwa ará ilé mọ̀ ọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́. Má ṣe fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, kódà fún ìgbà tí o máa fi lọ ra búrẹ́dì. Má sì já ọmọ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Jókòó tì í, sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí o bá a gbé e. Má bá a jiyàn lórí ohùn tí ó ń gbọ́, má sì sọ pé ìwọ náà ń gbọ́ ọ. Kó ọ̀bẹ, kó oògùn ẹfọn, kó kẹrosíìnì kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ilé ìwòsàn tí dókítà wà ni mo wí, èyí tí ó bá sún mọ́ yín jù, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Ibà líle, ilé ọmọ tí ó ti kó àrùn, ẹ̀jẹ̀ ríru tí í fa gìrì aboyún tí ó lè tẹ̀lé obìnrin kọjá ìbí, gbogbo wọn lè mú kí ìyá ìkókó máa ṣe ìrànrán, oògùn tí a ó fi wò wọ́n sì yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti rí i pé ọpọlọ ni, ẹ má ṣe bẹ̀rù bí wọ́n bá kọ Aro, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ní Èkó, tàbí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn sínú ìwé. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dárúkọ Aro, ojú a máa ti ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Aro jẹ́ fún yín, kí ìtìjú náà lè rọlẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, Thomas Adéoyè Lambo, tí ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba àkóso ibẹ̀ ní 1954. Kò fẹ́ kí a máa ti aláìsàn mọ́lé. Ó bá àwọn ará abúlé àyíká sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, ó sì ní kí olúkúlùkù mú ẹbí kan wá, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ gba ìtọ́jú kí wọ́n sì jọ padà sílé nírọ̀lẹ́. Ayé gbọ́, wọ́n sì wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ọkùnrin náà rí ni pé ojú ẹni tí aláìsàn mọ̀ wà lára ìwòsàn. Bí ẹ bá gbé ìyá ìkókó lọ, kí ẹnìkan nínú yín dúró tì í.

Ọmọ mi, oníàdúrà ni mí, má gbọ́ mi sódì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí pásítọ̀ gbàdúrà, kí àlùfáà ṣe dùáà, ẹni tí ó bá fẹ́ bọ orí kí ó bọ orí, kí wọ́n wá ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, kí oògùn sì máa ṣiṣẹ́. Oògùn náà máa ń ṣiṣẹ́ o. Èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀ a máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kí obìnrin náà tó sọ pé òun ti padà sí bí òun ti wà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń padà pátápátá. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ó ti rẹ́rìn-ín. Ní ti ọmú, dókítà ni kí ẹ bi, nítorí oògùn kan wà tí kò bá ọmú mu, òmíràn sì wà tí ó bá a mu.

Ìwọ tí o bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ lọ́tọ̀. Ìyá rẹ kò rí físà, ọkọ rẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ìwọ àti ìkókó nìkan lẹ wà nínú yàrá nínú òtútù. Nọ́ọ̀sì tí ń wá wò yín nílé yóò béèrè nípa oorun rẹ àti ọkàn rẹ, ẹnu rẹ yóò sì fẹ́ sọ pé a dúpẹ́, nítorí o ti gbọ́ pé ìjọba ibẹ̀ ń gba ọmọ ọlọ́mọ. Sọ òótọ́ fún un. Wọ́n ní wọ́ọ̀dù níbẹ̀ tí ìyá àti ọmọ jọ ń wọ̀, tí wọ́n ti ń tọ́jú ìyá láìgba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n lè jọ padà sílé ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ìwọ ọkọ, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo fẹ́ pẹ́ sí. Mo ti rí ọkùnrin tí ó dá aya padà sílé baba rẹ̀ nítorí àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ó sì fẹ́ ẹlòmíràn kí ọmọ tó rá. Mo sì ti rí èyí tí ó gbé ẹní sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì aya rẹ̀ ní ọsibítù, tí ó kọ́ bí a ti ń da omi sí ọmọ lára, tí ó ń pe ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan pé, màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ lójú ìyàwó mi. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Àwọn tí ó dúró sójú wíńdò wò ó lọ́jọ́ tí àìsàn náà mú un yóò fẹ́ máa rán an létí rẹ̀ títí ayé, ìwọ ni ògiri tí yóò dí wọn. Nígbà tí ó bá padà dé, yóò máa bi ọ́ ní òru pé kí ni mo ṣe, kí ni mo sọ, ṣé mo fi ọwọ́ kan ọmọ. Dá a lóhùn ní òótọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ó ti lè gbé e. Gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ilé.

Àti ìwọ gan-an, ọmọ mi obìnrin, tí èyí ti ṣe rí: nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ti ṣe lẹ́ẹ̀kan ló tún ń padà wá bá ní ìbí mìíràn, ìyẹn ni pé ìdajì kejì kò rí i mọ́, àwọn tí wọ́n sì ti múra sílẹ̀ dè é kì í jìyà rẹ̀ bí ti àkọ́kọ́. Má ṣe lóyún òmíràn láìjẹ́ kí dókítà tí ó tọ́jú ọ mọ̀. Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní kílíníìkì aboyún, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ, sọ fún nọ́ọ̀sì pé àbísínwín ti ṣe mí rí, kí ó kọ ọ́ sí iwájú káàdì rẹ níbi tí ẹni gbogbo yóò ti rí i. Kí ẹ bá dókítà sọ oògùn tí o máa lò bí o bá ti bí tán. Kí ìkómọ jẹ́ ti ará ilé nìkan, kí ìnáwó dúró di ìgbà tí ọmọ bá ń rákò. Kí ẹ sì ti mọ̀ láàárín ara yín, kí oṣù tó pé, ẹni tí yóò máa gba ọmọ lóru kí o lè sùn.